Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń ta ọ̀dà, mi ò fi ya nǹkan kan: ṣé ọwọ́ ṣì lè padà?

Ọlọ́dà_Ìlọrin kọ:
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi kì í sábà sọ̀rọ̀ níbí. Kíkà ni mo máa ń kà, tí mo bá rẹ́rìn-ín tán mo bá tèmi lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ tí òjò ti wọ àjà ilé wa.

Kápẹ́ńtà ló gun òkè lọ wo ibi tó ń jò. Ó ké sí mi, "Alájì, ẹrù yín kan wà níbí o," ó sì ju nǹkan kan sílẹ̀ tí wọ́n fi àpò sìmẹ́ńtì wé. Ìyàwó mi rò pé ẹní ni. Èmi ti mọ̀ ọ́n kó tó balẹ̀. Kánfáàsì mi ni, èyí tí mo tú kúrò lára igi lọ́dún 2003, tí mo ní tí a bá ti sọ ọmọ lórúkọ tán n óò padà sídìí ẹ̀. Ọmọ tí à ń wí ti jáde yunifásítì.

Mo kọ́ iṣẹ́ ọnà nílé ẹ̀kọ́ gíga, mo sì fi ya àwòrán jẹun fún bí ọdún mẹ́fà. Ohun tó lé mi kúrò nídìí ẹ̀ kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹnì kan gbé iṣẹ́ ògiri ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan fún mi. Mo fi oṣù mẹ́ta yà á. Ó wò ó, ó yìn ín, ó ní owó ò sí, ṣùgbọ́n òun á máa fi àdúrà rántí mi. Àdúrà dáa o, àmọ́ oyún oṣù mẹ́jọ ló wà nílé. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ta ohun èlò ìkọ́lé ní kí n wá bá òun dúró ti ṣọ́ọ̀bù. Bí mo ṣe di ọlọ́dà nìyẹn. Láti ìgbà náà, ọ̀dà tí mo ti tà á kun gbogbo Gáà Àkànbí tinú tòde, mi ò sì fi ìka kan ṣoṣo ya nǹkan.

Ohun tó wà lójú kánfáàsì náà ni etí Odò Àsà. Obìnrin mẹ́ta ń fọṣọ, aṣọ funfun kan wà tí wọ́n sá sórí òkúta. Obìnrin kẹta ò lójú, kò nímú, torí ibẹ̀ ni mo bá a dé. Eku ti jẹ igun kan. Funfun aṣọ yẹn ti pọ́n, ó dà bí eyín ẹni tó ń jẹ obì.

Ìbéèrè mi nìyí. Mo ra búrọ́ọ̀ṣì tuntun, mo tẹ́ bébà, mo ní kí n ya ife tíì lásán. Ojú mi rí ife náà kedere. Ohun tí ọwọ́ mi yà, ẹ máa rò pé ọmọ ọdún mẹ́jọ ló yà á. Ojú tì mí, mo fà á ya káwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù tó rí i. Ṣé ọwọ́ máa ń padà? Àti pé àwòrán tí mi ò parí yẹn, kí n parí rẹ̀ àbí kí n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà?

Ìgbàjà_Bọ̀ì kọ:
Ẹ gbé fọ́tò ẹ̀ wá ká rí i, ẹ̀gbọ́n! Eku yẹn náà mọ iyì ọnà. Fóònù lèmi fi ń yàwòrán ní tèmi, eku ò lè jẹ ẹ́. Iná mànàmáná nìkan ló ń jẹ mí níyà.

Adárà_Ọ̀fà kọ:
Alájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ kan àwòrán yẹn. Iṣẹ́ ọnà ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní sẹ́kọ́ńdìrì kí n tó fẹ̀yìn tì, àwòrán tí mo sì ti rí tí olówó ẹ̀ fi ọṣẹ bà jẹ́ pọ̀ ju èyí tí ikán jẹ lọ.

Ọ̀nà wo lẹ gbà ká a? Ṣé ojú ọ̀dà wà nínú ni, àbí ó wà níta? Tó bá ti le, ẹ má fi ipá tẹ́ ẹ. Ẹ gbé e sí yàrá tó móoru, kẹ́ ẹ máa tú u díẹ̀díẹ̀, lónìí ìbú ọwọ́ kan, lọ́la ìbú ọwọ́ kan. Ọ̀dà olóróró tó ti gbẹ fún ogún ọdún kì í tẹ̀ bí awọ. Bí ìpẹ́ ẹja ló ṣe ń ṣí.

Ti funfun tó di eyín olóbì, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló jẹ́ ìdọ̀tí. Òróró línsíìdì tí wọ́n fi po ọ̀dà náà ló máa ń pọ́n tó bá pẹ́ nínú òkùnkùn. Ìmọ́lẹ̀ ló ń dá a padà. Ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti ń dé, kí oòrùn má kàn án tààrà, kẹ́ ẹ gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ má bi mí bóyá òótọ́ ni. Ẹ ṣe é kẹ́ ẹ wò ó.

Eruku ojú rẹ̀, òwú àti itọ́ ẹnu yín ni oògùn ẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Itọ́ làwọn tó ń tún àwòrán àtijọ́ ṣe ní mùsíọ́ọ̀mù ń lò, torí ó ń tú èérí láìjẹ ọ̀dà. Ẹ yí òwú mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi kan ahọ́n, ẹ rọra yí i lójú àwòrán. Tó bá ti dúdú, ẹ sọ ọ́ nù, ẹ mú òmíràn. Ẹ má dá èyí tó ti dúdú padà sẹ́nu o, mo mọ ohun tí mò ń wí. Ibi tí ọ̀dà bá ti ń bó, ẹ fò ó.

Ti ọwọ́, n óò padà wá sí i. Àwọn ọmọ-ọmọ mi fẹ́ gba fóònù.

Ìgbàjà_Bọ̀ì kọ:
Bàbá ní ká máa tutọ́ sí iṣẹ́ ọnà! Tí ìyàwó Alájì bá bá a nídìí ẹ̀ ńkọ́?

Ọlọ́dà_Ìlọrin kọ:
Ó ti bá mi nídìí ẹ̀. Ó ní òun ń pe àwọn ẹbí mi.

Bàbá Ọ̀fà, inú ni mo yí ojú ọ̀dà sí nígbà yẹn. Mo rò pé mò ń dáàbò bò ó ni.

Adárà_Ọ̀fà kọ:
Gbogbo wa la máa ń rò bẹ́ẹ̀. Ìta ló yẹ kó wà. Tí ẹ bá ká a pẹ̀lú ojú ọ̀dà níta, ibi tó bá sán á padà pàdé ara wọn nígbà tẹ́ ẹ bá tẹ́ ẹ. Tó bá wà nínú, ṣe ni wọ́n ń ti ara wọn títí wọ́n á fi bó. Ó ti ṣẹlẹ̀ ná. Ẹ ní sùúrù tí ẹ bá ń tú u.

Nọ́ọ̀sì_Olójú kọ:
Gbogbo yín ń bá ọwọ́ wí. Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún mélòó ni yín? Ìgbà wo lẹ yẹ ojú wò gbẹ̀yìn?

Ọlọ́dà_Ìlọrin kọ:
Ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta. Mo ní jígí ìkàwé tí mo rà lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri ní Post Office. Tí kò bá sí lójú mi, mo máa ń na rìsíìtì jìnnà kí n tó kà á, bí ẹni tó fẹ́ fi fún aládùúgbò.

Nọ́ọ̀sì_Olójú kọ:
Mo ti mọ̀. Láti bí ogójì ọdún lọ sókè ni ojú ti ń kọ ohun tó bá súnmọ́ ọn. Jígí ìkàwé ni wọ́n ṣe fún ìwé tó wà nítòsí àyà yín. Férémù àwòrán kì í wà níbẹ̀, ibi tí apá bá nà dé ló ń wà. Ife tíì tí ẹ ń wò tún jìnnà jùyẹn lọ. Nítorí náà, nígbà tí jígí wà lójú yín, ife rí bàìbàì. Nígbà tí ẹ yọ ọ́, bébà rí bàìbàì. Ẹ wá ní ọwọ́ ló bà jẹ́! Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ ojú wò, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ wọn ibi tí férémù yín ń wà hàn wọ́n, kí wọ́n fún yín ní jígí tó bá ibẹ̀ mu.

Kí wọ́n sì wo ojú àlà pẹ̀lú, ìyẹn kùrukùru tó máa ń wà nínú ẹyin ojú. Ayàwòrán ará Faransé tí wọ́n ń pè ní Monet, ojú àlà dàmú ẹ̀ débi pé àwọ̀ ò hàn sí i dáadáa mọ́. Ọdún 1923 ni wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú ẹ̀ ọ̀tún, ó sì padà sídìí àwòrán lẹ́yìn ẹ̀. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún nígbà náà.

Sáìnráítà_Bàbókò kọ:
Ẹ̀gbọ́n Ọlọ́dà, ẹ̀yin lẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Èmi, iṣẹ́ ló fi mí sílẹ̀. Nígbà tí fúlẹ́ẹ̀sì dé, oníbàárà tó máa ń dúró ọjọ́ mẹ́ta de bọ́ọ̀dù wá ń gba èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ fún un láàárín wákàtí kan, pẹ̀lú fọ́tò ara rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín lórí ẹ̀. Mo gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, mo ń fi ọ̀kadà ṣiṣẹ́. Ọdún mẹ́sàn-án.

Ohun tó mú mi padà ni ilé kéwú kan tó fẹ́ kí n kọ orúkọ wọn sára ògiri. Ọjọ́ àkọ́kọ́, lẹ́tà tí mo kọ ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Ọ̀gá mi àtijọ́ kọjá, ó wò mí, ó ní, "Ọrùn ọwọ́ lo fi ń kọ ọ́. Kí lo fi èjìká ṣe?" Òun náà ni. Tí ẹ bá pẹ́ nídìí kálákúlétọ̀ àti bírò, ìka nìkan ló kù tí ẹ ń lò. Ẹ na bébà ńlá mọ́ ògiri, bébà tí wọ́n fi ń wé sìmẹ́ńtì náà dáa. Ẹ fa ìlà láti òkè dé ilẹ̀, kí apá máa ti èjìká wá. Ọgọ́rùn-ún ìlà láàárọ̀ kí ẹ tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ìlà, kì í ṣe ife. Ife ṣòro ju bí èèyàn ṣe rò lọ, torí ẹnu rẹ̀ ò gún régé láti ibi tí ẹ bá jókòó sí.

Oníṣòwò_Táńkè kọ:
Mo kí gbogbo yín. Ìbéèrè kan ni tèmi. Ta ló máa rà á? Ẹ̀gbọ́n, ẹ má lọ ti ṣọ́ọ̀bù pa o.

Ọlọ́dà_Ìlọrin kọ:
Ta ló sọ fún yín pé mo fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù pa? Lẹ́yìn ìrun àsùbáà títí di aago mẹ́jọ, ìgbà tèmi nìyẹn. Owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ méjì ṣì wà nílẹ̀.

Adárà_Ọ̀fà kọ:
Mo ti padà dé. Ẹ jẹ́ kí n bá Sáìnráítà jà díẹ̀.

Alájì, ẹ kíyè sí ohun tí ẹ sọ fúnra yín. Ẹ ní ojú yín rí ife náà kedere, ẹ sì mọ̀ pé ohun tí ẹ yà kò dáa. Ẹni tí kò mọ nǹkan ì bá ti gbà pé ó dáa. Láti 2003, ọwọ́ yín ló sinmi, ojú yín ò sinmi. Tí oníbàárà bá mú ègé ògiri wá, tó ní òun fẹ́ àwọ̀ yìí gan-an, ta ló ń po ó fún un? Ẹ̀yin ni. Ọdún méjìlélógún lẹ ti fi ń fi ojú wọn àwọ̀, lójoojúmọ́, fún àwọn tó máa gbé e padà wá tí kò bá jọra. Èmi tí mo jẹ́ tíṣà, mi ò ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ojú yín ti dàgbà ju ọwọ́ yín lọ, ó sì ń bá ọwọ́ yín wí bí ìyá ọkọ. Ibi tí ìtìjú yẹn ti wá nìyẹn.

Nítorí náà, àwọ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ìlà sílẹ̀ ná. Ẹ mú ọ̀dà mẹ́rin péré: funfun, búlúù, yellow ochre (àwọ̀ ìyeyè tó jọ ilẹ̀), burnt sienna (àwọ̀ ilẹ̀ pupa). Ẹ gbé ìkòkò amọ̀ kan síwájú, àwọn tí wọ́n ń mọ l'Ókèlélé yẹn, tó dúdú tó ń dán. Ẹ má ya ìkòkò. Ẹ kàn po àwọ̀ ibi tí ìmọ́lẹ̀ bà, àwọ̀ ibi tó ṣókùnkùn, àwọ̀ ilẹ̀ tó jókòó lé. Ẹ tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ègé aṣọ. Tó bá pé márùn-ún, ìkòkò á yọjú fúnra ẹ̀. Burnt sienna àti búlúù nìkan á fún yín ní dúdú tó ní ẹ̀mí ju dúdú inú agolo lọ.

Ife tí ẹ fà ya yẹn, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ máa kọ déètì sí wọn lẹ́yìn, ẹ kó wọn pamọ́.

Sáìnráítà_Bàbókò kọ:
Bàbá, mi ò bá yín jà. Àmọ́ ìlà ni.

Ìyá_Aláṣọòkè kọ:
Ẹ wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń lọ́ ọmọ ọlọ́mọ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Alájì, òfì lèmi ń hun. Mo fi í sílẹ̀ ọdún márùn-ún tí mo lọ tọ́jú ìyá mi l'Ómù-Àrán. Nígbà tí mo padà, ọwọ́ ò gbàgbé rárá. Sùúrù ló gbàgbé. Tí mo bá hun ìwọ̀n apá kan, mo ti fẹ́ dìde. Mo wá ń gbé aago síwájú, mo ní n ò ní dìde títí á fi lu wákàtí kan, bí mo hun bí n ò hun. Ẹ fi ti aago kún tiwọn.

Ọmọ_Alfa kọ:
Alájì, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má bínú sí mi, ọmọ yín ni mo jẹ́. Ìlọrin la wà. Ẹ̀yin náà mọ ohun táwọn alfa ń sọ lórí yíya ohun ẹlẹ́mìí. Obìnrin tí kò lójú yẹn, ṣé ẹ ò rò pé Ọlọ́run ló dá yín dúró níbẹ̀?

Sáìnráítà_Bàbókò kọ:
Wọ́n ti dé. Ìlọrin tí ò léégún, tí ẹṣin jẹ́ eégún ilé baba wọn, ẹ fẹ́ kó máà ní ayàwòrán pẹ̀lú.

Alábòójútó kọ:
Ẹ̀yin ará, àwọn àgbà tó jù wá lọ ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́, wọn ò fẹnu kò. A ò ní parí rẹ̀ níbí. Ẹni tó bá bú ẹnikẹ́ni, mo ń bọ̀ wá yọ ọ́.

Ọlọ́dà_Ìlọrin kọ:
Ẹ má bá a jà. Ìbéèrè tí bàbá mi bi mí kí n tó lọ kọ́ ọnà ló béèrè. Alfa ni bàbá mi, ilé kéwú wà ní iwájú ilé wa. Ó ní, "Ṣé o máa bọ ọ́?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ṣé o máa pe ara rẹ ní ẹlẹ́dàá?" Mo ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní kí n lọ, ṣùgbọ́n kí n má gbé èyí tó bá ní ojú kọ́ sí yàrá tí òun ti ń kírun. Mo mọ̀ pé alfa mìíràn ò ní gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí èmi bá bàbá mi sọ nìyẹn.

Ọmọ_Alfa kọ:
Ọlọ́run á kẹ́ bàbá. Èsì tí mo gbọ́ yìí tó mi. Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní òmíràn: ṣé ẹ ṣì ní wàláà yín?

Ọlọ́dà_Ìlọrin kọ:
Ó wà nílé bàbá mi. Kí ló dé?

Ọmọ_Alfa kọ:
Ẹ̀gbọ́n Bàbókò ní ìlà, bàbá Ọ̀fà ní àwọ̀. Kí ẹ tó mọ búrọ́ọ̀ṣì, kálàmù lẹ kọ́kọ́ mú. Tàdáwà lẹ kọ́kọ́ pò. Ẹ lọ kọ nǹkan sójú wàláà yẹn. Mi ò lérò pé ọwọ́ gbàgbé ìyẹn.

Ìgbàjà_Bọ̀ì kọ:
Ọmọ_Alfa ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín.

Mo kà nípa obìnrin kan, Agnes Martin. Kánádà ni wọ́n bí i sí, Amẹ́ríkà ló ti ṣiṣẹ́. Orúkọ ẹ̀ ti ń dún ní New York nígbà tó dìde lọ́dún 1967, tó kó ohun èlò ẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn, tó wọkọ̀ tó lọ. Ó lọ ń gbé ní aṣálẹ̀ New Mexico, ó fi ọwọ́ ara ẹ̀ fi amọ̀ kọ́lé. Ó di 1974 kó tó padà sídìí kánfáàsì, ó sì ń yàwòrán lọ títí di ìgbà tó kú ní 2004. Èyí tó yà lẹ́yìn tó padà ò jọ ti tẹ́lẹ̀. Àwọ̀ ẹ̀ ti fẹ́lẹ́, bí ìgbà tí ojúmọ́ ń mọ́.

Ìyá_Aláṣọòkè kọ:
Ó fi amọ̀ kọ́lé? Ará ibí ni.

Adárà_Ọ̀fà kọ:
Ọdún méje kì í ṣe méjìlélógún, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n o káre.

(Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọjá kí ẹnikẹ́ni tó tún kọ nǹkan síbí.)

Ọlọ́dà_Ìlọrin kọ:
Mo kí yín o. Ẹ má rò pé mo ti sá.

Jígí kọ́kọ́. Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Obìnrin tó yẹ ojú mi wò bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe tí mo fi ń na apá báyìí níwájú ẹ̀. Mo sọ fún un. Ó wọ̀n ọ́n pẹ̀lú rúlà. Àṣé mo ti ń fi ọwọ́ wá ife kiri nínú kùrukùru ni.

Mo lọ gbé wàláà nílé bàbá mi. Ìyàwó àbúrò mi ti ń fi gé ilá. Mo fọ̀ ọ́, mo sá a, mo ra tàdáwà, mo gé kálàmù fúnra mi. Mo jókòó sórí ẹní, kì í ṣe sórí àga. Mo kọ bísímílà. Lẹ́yìn náà mo kọ lẹ́tà nún nìkan, léraléra, nún, nún, nún, bí wọ́n ṣe fi nà wá lẹ́gba. Ẹ mọ bí nún ṣe rí, abọ́ kan tí wọ́n da ẹnu ẹ̀ sókè, tí tó-tò-tó kan wà lórí ẹ̀. Ó di bí ogójì kí n tó rí i pé ọwọ́ mi ò gbọ̀n. Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni pé èjìká mi ló ń lọ, Sáìnráítà, ẹ̀yin lẹ jàre. Mo gbé ife síwájú, mo sì fi kálàmù yẹn ya ìdí ife, torí ìdí ife kò yàtọ̀ sí nún. Ó jọ ife. Kò dáa, àmọ́ ife ni.

Ti àwọ̀, bàbá Ọ̀fà, mo ṣe ìkòkò. Ojúmọ́ mẹ́fà ni mo fi pò, mi ò ya ohunkóhun, ègé àwọ̀ nìkan. Ọmọ tó ń bá mi ta ọjà dé lọ́jọ́ keje, ó wo bébà náà, ó ní, "Alájì, ta ló mú ìkòkò wá síbí?" Mi ò dá a lóhùn, kí ohùn mi má baà fi mí hàn.

Àwòrán odò ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó sán níbi mẹ́ta, ọ̀dà bó ní ibi tó tó èékánná. Mo fi itọ́ nù ún gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ní. Ó ti pé ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nítòsí fèrèsé. Mo pe ìyàwó mi láàárọ̀ yìí kó wá wo aṣọ orí òkúta yẹn. Ó ní, "Ṣé o ti kùn ún ni?" Mi ò kùn ún. Ó ń funfun bọ̀ fúnra ẹ̀ ni.

Ìbéèrè kejì ló wá kù. Ṣé kí n fún obìnrin kẹta lójú?

Ìyá_Aláṣọòkè kọ:
Ẹ fún un lójú, ẹ jọ̀ọ́. Ọdún méjìlélógún ló ti ń fọṣọ láìríran.

Ọmọ_Ọ̀sì kọ:
Mo ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti àárọ̀. Ìlú àwọn agbẹ́gilére lèmi, Ọ̀sì tí Aréògún ti wá. Bándélé ọmọ ẹ̀ náà gbẹ́ igi, òun ló sì kọ́ Lámídì Fákẹ́yẹ níṣẹ́ ní Ọyẹ́-Èkìtì. Ẹ rántí pé ilé agbẹ́gilére ní Ìlá Ọ̀ràngún ni wọ́n ti bí Fákẹ́yẹ o. Ó ti kọ́ ọ lọ́wọ́ bàbá ẹ̀ ná. Síbẹ̀ ó tún lọ jókòó sẹ́sẹ̀ ẹlòmíràn bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Kò gbé ère tó gbẹ́ nílé bàbá ẹ̀ wá kó ní kí Bándélé bá òun parí ẹ̀.

Èrò tèmi: ẹni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló ya àwòrán yẹn. Tí ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta bá ya ojú sí i, ojú yẹn á dàgbà ju ara lọ. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ ya òmíràn.

Tí ẹ bá sì fẹ́ ojú tí ẹ máa fi kọ́ ọwọ́, ẹ lọ sí mùsíọ́ọ̀mù Èsìẹ́, nítòsí Òmù-Àrán. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí ní gbogbo Nàìjíríà, lọ́dún 1945. Ère òkúta tó wà níbẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún, ojú wọn ò sì jọra. Wọ́n jókòó jẹ́ẹ́. Kò sí èyí tó máa sọ fún yín pé orí òun ò tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Adárà_Ọ̀fà kọ:
Mo ti ń kó àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lọ síbẹ̀ rí. Òótọ́ ló sọ. Ẹ mú àga kékeré lọ́wọ́.

Lórí píparí ẹ̀, mi ò bá Ọmọ_Ọ̀sì lọ dópin. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Tí ẹ bá fẹ́ parí ẹ̀, ẹ ta òróró línsíìdì tó fẹ́lẹ́ gan-an sí ibi tí ẹ fẹ́ kùn, ẹ nù ún títí á fi kù díẹ̀, nígbà náà ni ọ̀dà tuntun á gbà lára ti àtijọ́, tí ẹ ó sì rí àwọ̀ bó ṣe rí gan-an. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀dà olómi kàn án.

Ọlọ́dà_Ìlọrin kọ:
Ìyẹn ni mò ń kígbe sí oníbàárà létí lójoojúmọ́: ẹ má fi emulsion gun orí gloss, ó máa bó. Wọ́n á gbọ́, wọ́n á lọ kùn ún, wọ́n á padà wá bá mi jà.

Adárà_Ọ̀fà kọ:
Ẹ ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà nìyẹn. Èyí tó kù, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ dáadáa torí ọjà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù yín. Àkísà tí ẹ bá fi nu òróró línsíìdì, ẹ má ká a jọ, ẹ má jù ú sí igun kan. Tó bá ń gbẹ, ó máa ń gbóná, tó bá wà ní òkìtì ó lè fúnra ẹ̀ gbiná láìsí ìṣáná. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan níta, tàbí kí ẹ rì í sínú omi. Ẹ̀yin tí garawa tínà ogún wà lẹ́yìn yín, kí ẹ má dá wa lóró.

Ìyàwó_Ọlọ́dà kọ:
Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá Ọ̀fà. Mo dá orúkọ sílẹ̀ síbí nítorí ọ̀rọ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí. Abẹ́ ibùsùn ló ń kó àkísà náà sí.

Ìgbàjà_Bọ̀ì kọ:
Ó ti parí fún Alájì.

Sáìnráítà_Bàbókò kọ:
😂😂 Ìyá wa, ẹ káàbọ̀.

Ọlọ́dà_Ìlọrin kọ:
Wọ́n ti wà nínú omi báyìí. Òun fúnra ẹ̀ ló rì wọ́n. Ó ní bí òórùn tápẹ́ńtáìnì bá tún wọ yàrá, èmi àti àwọn obìnrin mẹ́ta mi la jọ máa sùn nínú ilé ìkẹ́rù.

(Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà.)

Ọlọ́dà_Ìlọrin kọ:
Mo lọ sétí Odò Àsà láàárọ̀ Sátidé, níbi tí mo ti jókòó nígbà yẹn. Mo fẹ́ wo ojú obìnrin kan tó ń fọṣọ, kí n tó pinnu.

Kò sí obìnrin kankan. Ọkùnrin kan ló wà níbẹ̀, ọmọkùnrin kékeré kan ń bá a pọn omi, wọ́n ń fọ Márúwá. Márúwá náà pọ́n bí ọsàn mímu, ìdọ̀tí òpópó ti bò ó dé ìdajì, ìdajì kejì ń dán. Omi ń ṣàn lára ẹ̀ wá sílẹ̀, ó ń di àwọ̀ tí mi ò mọ orúkọ ẹ̀, àwọ̀ omi ọṣẹ tí oòrùn kọjá nínú ẹ̀. Mo jókòó sórí òkúta, mo yọ bébà. Ọkùnrin náà bi mí pé ṣé ìjọba ló rán mi, ṣé wọ́n fẹ́ lé àwọn kúrò níbẹ̀ ni. Mo fi ohun tí mò ń yà hàn án. Ó wò ó, ó wo Márúwá ẹ̀, ó ní mo gbàgbé jígí ẹ̀gbẹ́ òsì. Lóòótọ́, mo gbàgbé ẹ̀.

Mo ti na kánfáàsì tuntun. Obìnrin kẹta ò tíì lójú, mo ti so àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ara ògiri ní ṣọ́ọ̀bù, lẹ́yìn táńkì omi, níbi tí oòrùn ò ti lè bá wọn. Oníbàárà méjì ti bi mí pé èló ni. Mo ní kì í ṣe títà.

Ohun tí mo wá bèèrè: yellow ochre mi ti tán, Márúwá yẹn ló jẹ ẹ́. Gbogbo èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, ti ògiri ni. Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á n'Ílọrin tí kì í ṣe ayédèrú?

Adárà_Ọ̀fà kọ:
Mo ní túùbù méjì níbí, ideri ọ̀kan ti le, ẹ fi omi gbóná sí i. Ẹ wá sí Ọ̀fà ní Sátidé tó ń bọ̀. Ẹ mú àwòrán Márúwá náà wá, bó bá ti wù kó rí.

Ìgbàjà_Bọ̀ì kọ:
Èmi náà ń bọ̀. Ṣé ẹ máa se oúnjẹ, bàbá?